Ọjọ́ méjìlá, orílẹ̀-èdè mẹ́rin: bí a ṣe ń to ìrìn àjò Yúróòpù tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀

"Físà Jámánì ni wọ́n fún mi, ṣé mo lè kọ́kọ́ yà ní Paris?" "Wọ́n kọ ọ́ sára físà mi pé ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, kí ló dé tí wọ́n ní mo ti pẹ́ jù ní ọjọ́ 20?" Irú ìbéèrè báyìí kò tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń ti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán lọ wo ọmọ lókè òkun. Ó sì tún le sí i láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ka ọjọ́ tí àlejò wọlé àti ọjọ́ tó jáde, dípò òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sínú páspọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀. Òǹtẹ̀ lè parẹ́, òṣìṣẹ́ bọ́dà sì lè ṣì í kà. Kọ̀ǹpútà kò ní gbàgbé. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré kọjá iye tí wọ́n fún un, orúkọ rẹ̀ yóò jáde níbẹ̀, yóò sì bá a níbi tó bá ti tún fẹ́ gba físà mìíràn.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa tọ̀ lọ. Alhaja kan ń gbé ní Adéwọ́lé ní Ìlọrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí Cologne ní Jámánì, àbúrò ọkọ rẹ̀ wà ní Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì wù ú kó fojú kan Paris. Ìsinmi tó gbà níbi iṣẹ́ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ló fẹ́ dé Paris, ọjọ́ 15 ni bàálù yóò gbé e padà láti Amsterdam ní Họ́láńdì. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ Schengen?

Schengen ni orúkọ abúlé kan ní Luxembourg tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn kan lọ́dún 1985. Lónìí, orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú àdéhùn náà, wọ́n sì ti gbà pé àwọn kò ní máa yẹ páspọ́ọ̀tù wò láàárín ara wọn mọ́. Físà ẹyọ kan ló wà fún gbogbo wọn.

Ẹ fi wé agbo ilé ńlá kan ní Pàkàtà tàbí Òkè-Ìmàlè. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì ni wọ́n ti ń bi àlejò pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Bó bá ti wọlé tán, ó lè ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà bọ́ sí yàrá ìyàwó ilé, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró. Àmọ́ bó bá jáde sí títì, kódà kó jẹ́ àkàrà ló lọ rà, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló máa gbà padà, wọ́n á sì tún bi í.

Faransé, Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù, Họ́láńdì, Ìtálì àti Spéìn wà nínú agbo ilé náà. Switzerland àti Norway náà wà níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìlú Ọba kò sí níbẹ̀. Ireland kò sí níbẹ̀. Cyprus àti Turkey kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ìrìn àjò ti ń fọ́ nìyí, a ó padà dé ọ̀dọ̀ Ìlú Ọba láìpẹ́.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: Jámánì àti àwọn mìíràn ti dá àyẹ̀wò padà sí bọ́dà wọn fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ọlọ́pàá lè wọ inú ọkọ̀ ojú irin kó ní kí ẹ mú páspọ́ọ̀tù jáde. Ara yín ni kó wà. Ẹ má kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ẹ́ḿbásì wo ni kí a lọ?

Ibi tí ẹ ó ti sùn jù ni ẹ ó ti gba físà. Òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja yóò sun alẹ́ méjì ní Paris, méjì ní Brussels, mẹ́fà ní Cologne, àti ẹyọ kan ní Amsterdam. Ọ̀dọ̀ Jámánì ló ń lọ. Bàálù rẹ̀ ì báà kọ́kọ́ balẹ̀ sí Paris, kò yí i padà. Ìgbà tí alẹ́ bá dọ́gba, tó jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta níbi gbogbo, ni ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ̀ yóò di ibi tí ẹ ó ti gba físà.

Àwọn kan máa ń wá ẹ́ḿbásì tí wọ́n gbọ́ pé ó rọrùn, wọn a wá kọ ètò ìrìn àjò tí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n gba físà Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì lọ lo gbogbo ọjọ́ wọn ní Ìtálì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó wà ní ẹnu ọ̀nà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí ẹ ó sùn, ó sì lè fagi lé físà náà lójú yín bí ohun tí ẹ sọ fún ẹ́ḿbásì kò bá bá ti ẹnu yín mu. Owó bàálù, owó físà, ọ̀sẹ̀ ìsinmi, gbogbo rẹ̀ a sì lọ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi òótọ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n kọ sára físà?

Bí páspọ́ọ̀tù bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ jókòó kí ẹ kà á kí ẹ tó dúpẹ́ tán. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ìlà kìíní sọ ibi tí físà náà dé. Bí orúkọ Schengen bá wà níbẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè 29 ni. Ìlà kejì sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tó kú. Ìlà kẹta ní nǹkan mẹ́ta lórí: lẹ́tà C, tó túmọ̀ sí físà àbẹ̀wò ọlọ́jọ́ kúkúrú, iye ìgbà tí ẹ lè wọlé, tí yóò jẹ́ 01, 02 tàbí MULT, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè lò nínú ilé.

Ìlà kejì àti ìlà kẹta ló ń da àwọn èèyàn lójú rú. Ti Alhaja sọ pé físà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30. Àmọ́ iye ọjọ́ tó wà ní ìlà kẹta jẹ́ 12. Ẹ rántí bí a ṣe ń ra dátà. Bí ẹ bá ra gígà 12 tí wọ́n ní kí ẹ lò láàárín ọjọ́ 27, tí gígà náà sì tán ní ọjọ́ kejìlá, ẹ ò lè lọ bá wọn jà pé ọjọ́ 27 kò tíì pé. Bákan náà ni físà rí. Ọjọ́ 15 tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ àyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bí bàálù bá yẹ̀ tàbí tí ẹ bá sún ìrìn àjò síwájú. Alhaja lè dé ní ọjọ́ 10 dípò ọjọ́ 4, kó sì lo ọjọ́ 12 rẹ̀ títí di ọjọ́ 21. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dé ní ọjọ́ 4, kó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 20.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́?

Ìṣirò wọn kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí a ṣe ń ka fídáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń ka ọjọ́ físà. Ẹni tó bá kú ní Jímọ̀, Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tó kú gan-an ni ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ẹ wọlé ṣe jẹ́ ọjọ́ kìíní, tí ọjọ́ tí ẹ jáde sì jẹ́ ọjọ́ kan odindi. Láti ọjọ́ 4 dé ọjọ́ 15 jẹ́ ọjọ́ 12. Ẹni tó bá yọ 4 kúrò nínú 15 yóò rí 11, yóò sì kọ 11 sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n á fún un ní 11 tó béèrè, ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ ló máa wá rí i pé òun ti jẹ gbèsè ọjọ́ kan.

Nítorí náà ni kò fi dára kí bàálù yín balẹ̀ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù nínú ọjọ́ náà yóò gbé odindi ọjọ́ kan lọ. Ọ̀pọ̀ bàálù Èkó sí Yúróòpù ń gbéra lálẹ́, wọ́n sì ń balẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn ló dára jù fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kéré.

Fún àwọn tó ní MULT tí físà wọn sì gùn tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin mìíràn wà lórí rẹ̀: ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180. Kì í ṣe oṣù kìíní sí oṣù kẹfà. Ọjọ́ yòówù kí ẹ dúró lé, ẹ ka ọjọ́ 180 padà sẹ́yìn, kí ẹ ro gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi wà nínú agbo ilé náà pọ̀. Kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ìyá tó lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọjọ́ 90 gbáko, tó wálé fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fẹ́ padà lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ó ní láti lo ọjọ́ 90 mìíràn nílé kí ìṣirò tó dá a láre.

Bí a bá fẹ́ fi Ìlú Ọba kún un ńkọ́?

Ká ní Alhaja ní ọmọkùnrin kan ní London, tó sì sọ pé, "Mo ti dé Paris tán, London kò jìnnà, ẹ jẹ́ kí n yà lọ sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì kí n tó lọ Cologne." London kò jìnnà lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun ń dé ibẹ̀ láti Paris ní nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Àmọ́ ó ti jáde sí títì lọ ra àkàrà. Bí 01 ló wà lára físà rẹ̀, ìwọlé kan ṣoṣo tó ní ti parí ní ìṣẹ́jú tó kúrò ní Paris. Nígbà tó bá fẹ́ kúrò ní London lọ Cologne, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ibùdókọ̀ kò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀, ọmọ tuntun tó torí rẹ̀ wá yóò sì wà ní òdìkejì omi.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Ẹ fi Ìlú Ọba sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí sí ìparí, ẹ má ṣe fi sí àárín. Físà tirẹ̀ yàtọ̀, owó rẹ̀ yàtọ̀, ẹ sì ní láti gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ St Pancras ni kí ẹ bá lọ sí Paris. Ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ bọ́dà Faransé wà ní London níbẹ̀, òun ló máa gba páspọ́ọ̀tù yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí náà ẹ ti débẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú.

Ibòmíràn tún wà tí ó ń dá àwọn èèyàn dúró. Ẹ wá bàálù tó pọ́ọ́kú lọ sí London, ẹ rí èyí tó gba Amsterdam kọjá ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Ẹ rò pé kò sí wàhálà, ṣebí físà Schengen wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni físà yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà bí wọn kò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfurufú, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń pààrọ̀ bàálù ni. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Jàpáànù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹ gba bàálù tó lọ tààrà, tàbí èyí tó gba ibi tí kò sí nínú Schengen, bí Istanbul tàbí Addis Ababa.

Nínú ọjọ́ 12, mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí físà lè pé pérépéré kí ìrìn àjò sì tún fọ́.

Ọjọ́ tí ẹ ń dé, ẹ ka ìdajì sọnù. Ẹ ti jókòó nínú bàálù ní gbogbo òru. Ẹ ó tò fún páspọ́ọ̀tù, ẹ ó dúró de ẹrù, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin láti pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle wọ ìgboro Paris. Òtẹ́ẹ̀lì kì í sábà fún èèyàn ní yàrá kí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán tó lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bá yín tọ́jú ẹrù. Ọjọ́ tí ẹ ń padà, ẹ ka odindi rẹ̀ sọnù. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kó ẹrù láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ìdajì lọ.

Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Ìwé aago ọkọ̀ ojú irin yóò sọ pé wákàtí méjì kò pé láti Brussels dé Cologne, òótọ́ sì ni. Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ náà. Aago mẹ́jọ ni Alhaja jáde nílé àbúrò ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kílò 23 kan àti báàgì ọwọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dé ibùdókọ̀. Ó wá pátákó tí wọ́n kọ nọ́ḿbà ojú irin sí, wọ́n sì yí nọ́ḿbà náà padà nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àtẹ̀gùn tó ń gbé ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ló bá fẹsẹ̀ gun tòkúta. Ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó dé ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí ọmọ rẹ̀ tó rí i láàárín èrò, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ìgboro, kí wọ́n tó gun ilé alájà mẹ́ta, aago kan ti fẹ́ lù. Wákàtí márùn-ún ti lọ lórí ìrìn tí kò pé wákàtí méjì. Tó bá sì jẹ́ bàálù ni, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pápákọ̀ òfurufú kì í sí láàárín ìgboro, ẹ sì ní láti débẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú tiẹ̀ tún ń balẹ̀ síbi tó jìnnà: pápákọ̀ Beauvais tí wọ́n ń pè ní ti Paris fi bíi kìlómítà 85 jìnnà sí Paris. Ọ̀nà yẹn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà Ìlọrin sí Èkó.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò Alhaja. Ìdajì ọjọ́ fún dídé, ọjọ́ kan fún ìpadàbọ̀, ìdajì lọ́nà mẹ́ta fún Paris sí Brussels, Brussels sí Cologne, àti Cologne sí Amsterdam. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Bó bá fi ìlú méjì mìíràn kún un nítorí pé físà náà dé ibẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò kù, yóò sì pín in sí ìlú mẹ́fà. Ní tèmi o, ìlú mẹ́rin ti pọ̀ tó fún ọjọ́ méjìlá. Bó bá lè yọ Brussels kúrò, kí àbúrò ọkọ rẹ̀ wá bá a ní Cologne, yóò rí ọjọ́ gbà padà fún ọmọ tuntun.

Ohun tó gbà á là ni pé kò padà sí Paris láti wá wọ bàálù. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé láti Paris, tó sì jáde láti Amsterdam. Ilé-iṣẹ́ bàálù Air France àti KLM wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan náà, wọ́n sì máa ń ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń ra á, ẹ má yan èyí tó sọ lílọ-bíbọ̀. Ẹ yan èyí tó gba ìlú púpọ̀. Owó rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí ti lílọ-bíbọ̀. Láti Cologne padà sí Paris ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìdajì ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí alẹ́ kan tó sùn ní Amsterdam. Kò lọ wo nǹkan kan níbẹ̀. Ó lọ sùn sí ìlú tí bàálù rẹ̀ ti máa gbéra ni, kí ọkọ̀ ojú irin tó bá pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ 15 má baà di gbèsè ọjọ́ kan sí i lọ́rùn. Ohunkóhun tí kò ṣeé sún síwájú, ẹ fi àyè sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Tí ẹrù bá pọ̀, tó jẹ́ pé gàrí, èlùbọ́ àti aṣọ ọmọ ló kún inú àpótí méjì, ẹ yí ètò náà padà. Ẹ gba Amsterdam wọlé, kí ẹ kọ́kọ́ dé Cologne, kí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kí Paris wá kẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ yín ti fúyẹ́. Ẹ má kó wàrà, ẹ má kó ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí: òfin Yúróòpù kò gba ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ìta. Wọ́n á gbà á, ẹ ó sì lo wákàtí kan lórí rẹ̀.

Ìgbà wo ni ìwé ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yìn ni ẹ ó ti kà á wá. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tí kò tó 15. Fún Alhaja, ìyẹn jẹ́ láti ọjọ́ 4 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Ẹ má dúró de oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóhùn, àmọ́ òfin gbà wọ́n láyè láti fà á dé ọjọ́ 45, àyè láti lọ jókòó níwájú wọn sì máa ń ṣọ̀wọ́n. Oṣù kẹta ni kí Alhaja ti lọ.

Páspọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá jáde níbẹ̀. Ti Alhaja kò gbọdọ̀ kú ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Kí ojú ìwé méjì ṣófo nínú rẹ̀, kí ó má sì ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún yín. Íńṣọ́ọ̀ránsì ìrìn àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìwòsàn ni wọ́n ń béèrè, kó sì kárí gbogbo ọjọ́ 12 náà. Owó físà jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò tó ọdún 6. Ẹ kò ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an kí físà tó jáde. Ìwé pé ẹ ti di àyè mú nínú bàálù ti tó. Òtẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan owó ni kí ẹ mú.

Èèyàn ní láti lọ fúnra rẹ̀ tẹ ìka, Èkó tàbí Àbújá sì ni. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í tẹ ìka. Ìka tí ẹ bá ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣeé lò fún oṣù 59.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá ni èyí tí àwa ará Ìlọrin gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Abdulrasaq nínú páspọ́ọ̀tù, Abdulrazaq nínú ìwé báǹkì, Abdul Rasaq lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Èèyàn kan náà ni lójú tiwa. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Bí páspọ́ọ̀tù ṣe kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, íńṣọ́ọ̀ránsì àti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má sì kọ Alhaja tàbí Alfa mọ́ ọn bí kò bá sí nínú páspọ́ọ̀tù.

Láti Ìlọrin dé Èkó, ọjọ́ mélòó?

Ẹ kúrò nílé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ìlọrin sí Èkó jẹ́ bíi 300 kìlómítà, àmọ́ ẹni tó bá ti wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Ìbàdàn wọ Èkó mọ̀ pé kìlómítà kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá wọ bàálù láti Ìlọrin, ẹ rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò bá ti òkè òkun tan. Bó bá pẹ́, tàbí tí ọyẹ́ oṣù kejìlá kò jẹ́ kó fò, bàálù Paris kò ní dúró dè yín, kò sì sẹ́ni tí yóò san owó rẹ̀ padà. Ibi tí bàálù abẹ́lé ń balẹ̀ sí ní Ìkẹjà yàtọ̀ sí ibi tí ti òkè òkun ti ń gbéra, ọkọ̀ ni ẹ ó tún wọ̀ débẹ̀.

Ẹ wá ṣọ́ aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá kọ 00:15, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, alẹ́ ọjọ́ 3 ni ẹ ó ti wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá dé ní alẹ́ ọjọ́ 4, bàálù ti lọ láti bíi wákàtí ogún sẹ́yìn. Àṣìṣe yìí kò yọ ẹni tó kàwé sílẹ̀.

Kí ló tún ń mú èèyàn sọnù lọ́nà?

Orúkọ. Ìlú kan lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta lórí pátákó. Bruxelles-Midi àti Brussel-Zuid jẹ́ ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, èdè Faransé àti èdè Dutch ni wọ́n fi pè é. Cologne lẹ́nu wa ni Köln lẹ́nu àwọn ará Jámánì. Liège, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù lójú ọ̀nà Cologne, ni Lüttich lédè Jámánì, òun náà ni Luik lédè Dutch. Ní Paris, Gare du Nord ni ọkọ̀ Brussels, Amsterdam àti London ti ń gbéra. Ẹ má ṣì í mú fún Gare de Lyon, ẹ̀gbẹ́ mìíràn nínú ìlú ni ìyẹn wà.

Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Jámánì kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ẹni tó fi ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún ọjà rírà ní Cologne yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ Louvre ní Paris kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Oòrùn. Ní oṣù kẹfà, aago Paris fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa, Mágríbì sì ń súnmọ́ aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó bá ń fi ojú ọjọ́ mọ ìgbà tó yẹ kó wálé yóò rìn títí agara yóò fi dá a. Ní oṣù kejìlá, òdìkejì ni: ní London, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Fóònù lè kú, íńtánẹ́ẹ̀tì lè má sí lójú ọ̀nà. Kí Alhaja kọ gbogbo ètò náà sórí bébà kan ṣoṣo, ìlà kan fún ọjọ́ kan, kó sì kó o sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù. Ìlà ọjọ́ 8 oṣù kẹfà yóò rí báyìí: Brussel-Zuid, tí í ṣe Bruxelles-Midi, aago 9:30, nọ́ḿbà ọkọ̀, nọ́ḿbà ìjókòó, kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Köln Hbf, tí í ṣe ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Cologne, àdírẹ́sì ọmọ mi, nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Kó sì kọ ọ́ sí etí ìlà náà pé ọjọ́ karùn-ún nínú ọjọ́ 12 nìyí.